Ta Ló Ń Di Aago Mú? Ìtàn Àkókò Iṣẹ́ ní Sẹ̀mẹ̀, láti Ọjà Ọrún Dé Iṣẹ́ Ìpè Inú Ilé

Ìpolówó iṣẹ́ kan wà tó ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa lásìkò yìí. Wọ́n ní kí ènìyàn jókòó sínú ilé rẹ̀, kí ó ní kọ̀ǹpútà, íntánẹ́ẹ̀tì àti ohun ìgbọ́rọ̀ tí a ń fi há etí, kí ó sì máa dáhùn ìpè àwọn oníbàárà iléeṣẹ́ tó wà lókè òkun. Adùn tí wọ́n fi sí i ni pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò máa yan wákàtí tó bá wù ú. Fún ẹni tó ń gbé ní Ìkẹjà tàbí Sùúrùlérè, ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn lásán ni èyí. Fún ẹni tó ń gbé ní Sẹ̀mẹ̀, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ti parí sí ẹnu bodè, ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọ́fíìsì ní Erékùṣù Èkó ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀, kí àkùkọ tó kọ ni yóò ti wà lójú ọ̀nà. Yóò kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá tí wọ́n dúró káàkiri ojú títì náà, ilẹ̀ yóò sì ti ṣú kí ó tó padà délé. Bí ẹnìkan bá wá sọ fún un pé iṣẹ́ lè máa wá bá a nílé, ta ni yóò bá a wí pé ó fetí sílẹ̀?

Èmi kò ní bá a wí. Ṣùgbọ́n ìtàn etíkun yìí ní ohun tó lè sọ fún un kí ó tó buwọ́ lu ìwé. Iṣẹ́ inú ilé kò ṣàjèjì sí Sẹ̀mẹ̀ rárá. Òun ló pẹ́ jù lọ níbẹ̀. Àkókò tó ṣeé yí síhìn-ín sọ́hùn-ún kò sì ṣàjèjì. Ohun tó ń yí padà láti ìran dé ìran ni ẹni tí aago wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ará Ògù, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, àti àwọn Àwórì tí wọ́n jọ ń gbé ní agbègbè Àgbádárìgì, apẹja ni wọ́n, oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n sì mọ iyọ̀ ṣe láti inú omi òkun. Àgbọn ni ọrọ̀ etíkun náà títí dòní. Ẹ wo bí a ti ń ṣe òróró rẹ̀. Obìnrin yóò fọ́ àgbọn, yóò rin ín, yóò fi omi tẹ̀ ẹ́, yóò sẹ́ ẹ. Wàrà rẹ̀ yóò sùn mọ́jú kí ọ̀rá tó léfòó, lẹ́yìn náà ni yóò gbé e ka iná. Inú ọgbà ilé ni gbogbo rẹ̀ ti ń wáyé. Bí ọmọ bá ké, yóò gbé e pọ̀n. Bí ọkọ̀ apẹja bá gúnlẹ̀, yóò fi àgbọn sílẹ̀, yóò lọ yan ẹja, nítorí ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni nínú oòrùn. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, àbúrò rẹ̀ yóò gba ìdí ààrò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ náà kò ní àkókò. Òkun ní àkókò tirẹ̀, iná ní tirẹ̀, ọjà sì ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ọjà Agbálatà ní Àgbádárìgì ń bọ̀ ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ẹni tí òróró rẹ̀ kò bá jinná kí ọjọ́ ọjà tó pé, ó di ọjà mìíràn. Láàrin ọjà kan àti èkejì, obìnrin náà ló mọ ìgbà tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ àti ìgbà tí yóò sinmi. Èmi kò sọ pé ayé ìgbà náà rọrùn. Àgbádárìgì kan náà ni ọjà ẹrú wà, àwọn tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò sì ní wákàtí kankan tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Ẹni tó bá ń yin ayé àtijọ́ láìmẹ́nu ba èyí, irọ́ ló ń pa fún wa.

Agogo ló kọ́kọ́ dé, aago tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1843 ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ní 1845 àwọn CMS sì parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn arìnrìn-àjò ṣì ń lọ wò. Pẹ̀lú wọn ni ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sẹ̀ ọjà. Ọjọ́ ọjà lè bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìjọ sì gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan.

Bodè tẹ̀ lé agogo. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó la ilẹ̀ náà sí méjì, ẹbí kan náà wá wà lábẹ́ ìjọba méjì. Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn bodè yìí kì í sábà mẹ́nu bà ni pé aago náà pín sí méjì. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919 ni Nàìjíríà ti ń fi wákàtí kan ṣíwájú aago Greenwich. Dàhọ̀mì, lábẹ́ Faransé, ń lo ti Greenwich gan-an títí di oṣù Kejì ọdún 1934. Fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rìnlá, agogo méje òwúrọ̀ ní ìhà ibí jẹ́ agogo mẹ́fà ní Kraké, tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Oòrùn kan náà ló ń ràn lé àwọn méjèèjì lórí. Ẹni tó ń sẹ́ àgbọn kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó bá ń gba owó oṣù ìjọba ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wákàtí kan yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún bá a pàdé níwájú.

Ní ìlú Èkó, ìjà lórí wákàtí iṣẹ́ ti wáyé ṣáájú ìgbà náà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa gbàgbé rẹ̀. Ní ọdún 1897, Gómìnà Henry McCallum, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí àléfà lọ́dún náà, gbà pé iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba kò tó. Ó pinnu láti yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi yanṣẹ́ lódì, gómìnà kò sì rí gbogbo ohun tó fẹ́ gbà. Àdéhùn ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyanṣẹ́lódì àkọ́kọ́ tí ìtàn ilẹ̀ yìí rántí nìyẹn, àkókò iṣẹ́ sì wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀.

Kí ló mú kó ṣeé ṣe fún wọn? Ibì kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n mọ ojú ara wọn. Bí ẹnìkan bá gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí i, òun náà lè gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Gómìnà tí wọ́n ń bínú sí ń gbé ní ìlú kan náà pẹ̀lú wọn, kò sì lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, iléeṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í fi wákàtí ṣírò owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dípò ojúmọ́. Ẹni tí iṣẹ́ bá dín kù lọ́wọ́ rẹ̀, owó rẹ̀ dín kù pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jí wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìbínú sí owó wákàtí yìí wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, èyí tí Michael Imoudu padà di aṣíwájú rẹ̀. Ojúmọ́ ti di wákàtí. Tẹlifóònù ló wá sọ wákàtí di ìṣẹ́jú.

Láti 1886 ni okùn abẹ́ òkun ti so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ohun ìjọba àti àwọn oníṣòwò ńlá ni. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ìlà tẹlifóònù 18,724 péré ló wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ìlà náà kò tíì tó ìdajì mílíọ̀nù. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká dé ọwọ́ ará ìlú, SIM kan ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà lọ́wọ́ ẹni, ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ àádọ́ta náírà. Ẹni tí kò lágbára àtirà á gbọ́dọ̀ yá a lò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ ṣe bọ́ síta pẹ̀lú àgboòrùn, tábìlì onígi, àga oníke àti fóònù méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ọ́ sí ara pátákó pé "Call Centre". Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà ò ní gbàgbé.

Bí ẹ bá bi mí, ibùdó ìpè àkọ́kọ́ tí ará ìlú ní nìyẹn, ó sì yẹ kí àwọn òpìtàn wa máa kọ nípa rẹ̀ ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Ní ẹnu bodè bíi ti Sẹ̀mẹ̀, iṣẹ́ náà gba ọgbọ́n. Ìgbì nẹ́tíwọ̀kì orílẹ̀-èdè méjì máa ń wọ inú ara wọn níbẹ̀. Fóònù ẹni tó dúró sórí ilẹ̀ Nàìjíríà lè ṣàdédé fò bọ́ sórí nẹ́tíwọ̀kì Benin, owó ìpè á sì yí padà láìsọ fún un. Oníbàárà kan ń pe alágbàtà ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Kútọnu, èkejì ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ọ́, ọ̀kan ń sọ Ògù, ọ̀kan ń sọ Faransé, ìyá tó ni àgboòrùn sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò fún un.

Wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó ń dé nígbà tí ó bá ti fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́. Bí òjò bá pọ̀ jù, ó ń ká tábìlì. Bí aṣọ́bodè bá ti ọ̀nà, kò sí ẹni tí yóò pe ẹnikẹ́ni, kò sì ní rí kọ́bọ̀. Kò sí owó oṣù, kò sí ìsinmi olówó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní ti gidi. Òun ló ń wo ojú fóònù tí ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ìpè bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo kọjá ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì ni oníbàárà yóò san, ariwo á sì sọ. Nígbà tí Glo dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003 pẹ̀lú ìdíyelé ìṣẹ́jú-àáyá, ìjà yẹn rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà SIM di ohun pọ́ọ́kú, gbogbo ènìyàn ní tirẹ̀, àgboòrùn sì di ti àwọn tó ń ta káàdì àti àwọn tó ń ṣe POS lónìí.

Orúkọ náà kò kú. Ó kó lọ sínú àwọn gbọ̀ngàn ńlá ní Èkó, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀dọ́ tó ti jáde ní yunifásítì ti ń jókòó ní ìlà-ìlà láti dáhùn ìbéèrè àwọn oníbàárà iléeṣẹ́ tẹlifóònù àti báǹkì, tọ̀sán tòru. Kò pẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn ṣe. Ní 2011, nígbà tí Airtel gbé e lé Spanco àti Tech Mahindra, àwọn iléeṣẹ́ ará Íńdíà, lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ fárígá, NLC sì dá sí i. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí òṣìṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀ nínú fóònù àti ẹni tó ń san owó rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹnìkan náà mọ́.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí àkókò fi le tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ará Dẹ́ńmáàkì kan, Agner Krarup Erlang, tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Copenhagen, ló fi ìṣirò yanjú rẹ̀ ní 1909 àti 1917. Ìpè kì í wọlé létòlétò. Ó ń rọ́ wọlé, ó tún ń dá. Ìyá alákàrà mọ̀ bẹ́ẹ̀: àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò ya lu ìdí agbada lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà eṣinṣin nìkan ni yóò kù. Erlang fi hàn bí a ṣe lè ṣírò iye ìlà àti iye ènìyàn tí a nílò kí ẹni tó ń pè má baà dúró pẹ́ jù. Títí di òní, ìṣirò tó ti ibẹ̀ wá ni àwọn ibùdó ìpè fi ń pín ọjọ́ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí wọ́n sì ń sọ pé ènìyàn mẹ́wàá tó ní agogo mẹ́ta, ogójì ni a fẹ́ ní agogo mẹ́rin.

Ìṣòro ọlọ́gbọ̀ngàn ni pé kò sí ẹni tí yóò wọkọ̀ wá láti Ìyànà Ìpájà nítorí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó gbọ́dọ̀ gbà á fún wákàtí mẹ́jọ, kí ó sì san owó àkókò tí kò sí ìpè. Ẹni tó wà nílé ló tú okùn yìí. Ní 2000, nígbà tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú JetBlue bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, David Neeleman tó dá a sílẹ̀ fi gbígba tíkẹ́ẹ̀tì lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ nínú ilé wọn ní Salt Lake City, ìpínlẹ̀ Utah. Ìyá ọlọ́mọ ni púpọ̀ nínú wọn. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni àwọn yẹn. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn, bíi LiveOps àti Arise, ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọn kò pe ẹni tó ń dáhùn ìpè ní òṣìṣẹ́ mọ́, wọ́n pè é ní agbaṣẹ́ṣe tó dá dúró. Òun ni yóò ra kọ̀ǹpútà, òun ni yóò san owó íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dọ̀ LiveOps, ìṣẹ́jú tí ó bá fi sọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń sanwó fún.

Àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19 ló gbé àṣà náà dé ibi gbogbo. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ sé ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́lé. Ní Sẹ̀mẹ̀, ìlẹ̀kùn méjì ló tì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ìjọba ti ti bodè pa láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì, kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Àwọn tó ń jẹun láti ara ẹrù bodè, alágbàrù, ọlọ́kadà, olóúnjẹ, onípààrọ̀ owó, kò rí ibi fẹ̀yìn tì fún ọdún kan àti ààbọ̀ tó sún mọ́ ọn. Ọmọ ilé wọn tó gbọ́ pé ènìyàn lè fi Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó wà lẹ́nu rẹ̀ pawó láìjáde nílé, kí ni kí ó ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a wá tú ọ̀rọ̀ "yan wákàtí tó wù ọ́" palẹ̀. Ìgbà tí oníbàárà bá jí ni ìpè ń wọlé. Bí iléeṣẹ́ náà bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kò burú, aago wa àti tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Bí ó bá jẹ́ New York, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn ni agogo méjì ọ̀sán wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, agogo mẹ́wàá alẹ́ sì ni wọn yóò tó ṣíwọ́. Bí ó bá jẹ́ California, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀, agogo kan òru ni yóò parí. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, Amẹ́ríkà yóò fa aago rẹ̀ sẹ́yìn ní wákàtí kan. Agogo kan òru yóò di agogo méjì òru. Ní oṣù Kẹta wọn yóò tún tì í síwájú. Nàìjíríà kò fọwọ́ kan aago tirẹ̀. Wákàtí kan tó wà láàrin Sẹ̀mẹ̀ àti Kraké láti 1919 sí 1934 ti padà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí inú yàrá ènìyàn ni ààlà rẹ̀ gbà kọjá.

Èyí nìkan kọ́. Ní àwọn iléeṣẹ́ kan, ẹ̀rọ ni yóò gbé àwọn ìdá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síta, bí ìgbà tí a bá da ọkà sílẹ̀ fún adìyẹ. Àwọn tí máàkì wọn ga ni yóò kọ́kọ́ mú. Àwọn yòókù yóò ṣa ohun tó bá kù, tí í ṣe òru àti ìparí ọ̀sẹ̀. Máàkì náà ń tẹ̀ lé bí o ti tètè parí ìpè sí, bí o bá pẹ́ kí o tó wọlé, bí o bá dìde kí àkókò tó pé. Ọmọ tó bá ké lẹ́yìn rẹ yóò bọ́ sínú ohùn tí wọ́n ń gbà sílẹ̀. Ẹni tó ń sẹ́ àgbọn lè gbé ọmọ pọ̀n. Ẹni tó ń dáhùn ìpè gbọ́dọ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ilé kan náà ni, ṣùgbọ́n ilé náà ti di ibi iṣẹ́ ẹlòmíràn fún ìwọ̀nba wákàtí yẹn, ẹni náà kò sì san owó ilé.

Iná ọba sì wà níbẹ̀. Ìlànà ìdíyelé iná tí a ń lò pín oníbàárà sí ìsọ̀rí márùn-ún: ìsọ̀rí A yẹ kí ó rí iná fún ogún wákàtí lóòjọ́, ó kéré tán, ìsọ̀rí E sì jẹ́ wákàtí mẹ́rin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni owó ìsọ̀rí A fò dé ₦225 lórí ìwọ̀n kan. Ẹni tó wà ní ìsọ̀rí E tó gba iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà, epo jẹnẹrétọ̀ ni yóò fi dí wákàtí méjì yòókù, bí iná bá tilẹ̀ dé lásìkò tí ó fẹ́ ẹ. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin abẹ́ òkun bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Àbíjáǹ, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń kọ́sẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú sanwó fún kò ní ìṣẹ́jú kankan láti kà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ni òfin wí? Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1974, dára ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Abala 13 ní kí a fi àdéhùn mú iye wákàtí iṣẹ́, kí ohun tó bá lé e jẹ́ àfikún iṣẹ́. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan, kí ó sì ní ọjọ́ kan nínú méje fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 91, tó sọ ẹni tí òfin náà ń pè ní òṣìṣẹ́, yọ àwọn kan kúrò. Lára àwọn tó yọ ni ẹni tí a bá kó ọjà tàbí ohun èlò fún láti rán, fọ̀, tún ṣe tàbí parí nínú ilé ara rẹ̀, tàbí níbi tí ẹni tó kó o fún un kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Àwọn aránṣọ àti alágbàfọ̀ ló wà lọ́kàn wọn nígbà náà. Ohùn kì í ṣe aṣọ, a kì í sì í kó o fún ènìyàn lọ sílé. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yẹra fún ojúṣe rẹ̀ mọ ibi tí yóò ti fa okùn, pàápàá tí ó bá ti kọ "agbaṣẹ́ṣe" sínú ìwé àdéhùn.

ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti rí àlàfo yìí. Àdéhùn rẹ̀ kẹtàdínlọ́gọ́sàn-án, tí wọ́n ṣe ní 1996, ní kí a ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé fún ẹlòmíràn sí òṣìṣẹ́ bíi ti gbogbo òṣìṣẹ́, yálà ọjà ni ó ń ṣe jáde tàbí iṣẹ́ ìrànwọ́. Ẹni tí ó bá ní òmìnira tòótọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ. Mo fẹ́ràn ìlà yẹn, nítorí òun gan-an ni ìbéèrè wa. Ìyá alágboòrùn ti 2003 ní òmìnira náà, pẹ̀lú gbogbo òṣì tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ ń fún ní máàkì nítorí pé ó dìde lọ mu omi kò ní in, ohun yòówù kí wọ́n kọ sínú ìwé.

Àwọn òṣìṣẹ́ 1897 ní ibi tí wọ́n lè péjọ sí. Ẹni tó ń dáhùn ìpè ní Sẹ̀mẹ̀ kò mọ ẹni tó ń dáhùn irú ìpè kan náà ní òpópónà kejì, bóyá ní Àgbádárìgì, bóyá ní Nairobi tàbí Manila. Bí ó bá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìpè náà yóò bọ́ sí etí ẹlòmíràn láàrin ìṣẹ́jú-àáyá, ẹni tó ń pè kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ohun tó kù fún un ni ìwé àdéhùn rẹ̀. Kí ó kà á kí ó tó buwọ́ lù ú: ṣé ìṣẹ́jú ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń san, tàbí àkókò tí ó fi ń dúró de ìpè pẹ̀lú? Ta ló ń gba ẹrù ọjọ́ tí kò sí iná? Bí aago Amẹ́ríkà bá yí, ṣé wọ́n gbọ́dọ̀ bi í kí wákàtí tirẹ̀ tó yí?

Ilé-ẹjọ́ sì wà. Àtúnṣe kẹta sí òfin orílẹ̀-èdè, tó jáde ní 2010, fún Ilé-ẹjọ́ Iṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó sì fún un láyè láti lo ìlànà tó dára jù tí àgbáyé ń tẹ̀ lé. Adájọ́ tó bá fẹ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, dípò orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé, ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé. Ìkòyí ni ẹ̀ka ilé-ẹjọ́ náà ní Èkó wà. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni àwọn ilé-ẹjọ́ máa ń jókòó, ẹni tó bá sì ṣíwọ́ iṣẹ́ California ní agogo méjì òru ní Sẹ̀mẹ̀ yóò ní bíi wákàtí méjì láti fi sùn kí ó tó gba ibùdókọ̀ lọ.